Ilẹ̀ Ọba ní Skọ́tlándì: bí àkóso ẹ̀ ṣe kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù tó sì dúró sí Edinburgh

Ní April 1, ọdún 2017, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ òkun yíká Skọ́tlándì kúrò lábẹ́ àkóso Lọ́ńdọ̀nù, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó wà ní Edinburgh. Ọba (Ọbabìnrin Elizabeth ló wà níbẹ̀ nígbà yẹn) ò pàdánù nǹkan kan lọ́jọ́ náà o, torí orúkọ adé ló ṣì wà lórí ilẹ̀ ọ̀hún títí dòní. Ohun tó yí padà ni ẹni tó ń gba rẹ́ǹtì, ẹni tó ń pinnu ta ni wọ́n máa yá ilẹ̀ fún, àti àpò tí owó ẹ̀ ń bọ́ sí. Mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ibi tó dé báyìí, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ ọ́ máa ń dá a dúró síbi tí Edinburgh ti gba ìwé, bẹ́ẹ̀ àwọn tó gbé ìjà náà lórí jù ò sí ní Edinburgh rárá, orí erékùṣù ni wọ́n wà, ohun tí wọ́n sì béèrè fún ò tíì tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ tán.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí ná. Crown Estate ni wọ́n ń pe gbogbo ilẹ̀ àti ẹ̀tọ́ tó jẹ́ ti ipò Ọba ní UK, kì í ṣe ti ẹni tó jókòó sórí ìtẹ́ fúnra ẹ̀. Bí ilẹ̀ orí oyè ṣe rí nílé wa náà ni, Kábíyèsí ò lè tà á kó kówó ẹ̀ sápò, yàtọ̀ sí oko tó fowó ara ẹ̀ rà kó tó joyè. Láti ọdún 1760 tí George Kẹta gorí ìtẹ́ ló ti gbà pé kí owó tó ń wọlé lórí ilẹ̀ yẹn ní England máa lọ sápò ìjọba, kí ìjọba máa wá fún òun ní owó ìgbọ́bùkátà lọ́dọọdún, ti Skọ́tlándì wọ inú ètò yẹn ní àwọn ọdún 1830. Nígbà tó di 1961 wọ́n ṣe òfin kan, Crown Estate Act, tó ní kí àwọn kọmíṣọ́nà kan máa bójú tó gbogbo ẹ̀ bí òwò, kí iye ẹ̀ má já wálẹ̀, kó sì jẹ́ pé iye tó ga jù tí ọjà bá lè gbé ni wọ́n á máa gbà lórí ohunkóhun tí wọ́n bá tà tàbí tí wọ́n bá yá èèyàn. Òfin "iye tó ga jù" yẹn ló fa púpọ̀ nínú wàhálà tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà.

Tí ẹ bá gbọ́ "ilẹ̀ Ọba" ní Skọ́tlándì, ẹ má rò pé ààfin ni o. Edinburgh Castle ò sí lára ẹ̀, ààfin Holyrood ò sí lára ẹ̀, Balmoral náà ò sí, dúkìá ìdílé ọba fúnra wọn ni Balmoral. Ohun tó wà ńbẹ̀ ni ìsàlẹ̀ òkun láti etíkun dé máìlì òkun 12, ẹ̀tọ́ láti fi afẹ́fẹ́ àti ìgbì òkun ṣe iná dé máìlì òkun 200, nǹkan bí ìdajì etíkun gbogbo Skọ́tlándì (ibi tí omi máa ń bò tó tún máa ń fà sílẹ̀), ẹ̀tọ́ láti pa ẹja salmon nínú àwọn odò kan, ẹ̀tọ́ lórí wúrà àti fàdákà tó bá wà nínú ilẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè náà àfi díẹ̀, oko ńlá mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní Glenlivet, Fochabers, Applegirth àti Whitehill, King's Park ní Stirling, àti, nígbà tí wọ́n gbé e kalẹ̀ ní 2017, ilé kan tí wọ́n fi ń gba rẹ́ǹtì ní George Street nínú Edinburgh. Kí wọ́n tó gbé e fún Edinburgh, iye gbogbo ẹ̀ fi díẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 250 pọ́n-ùn, bẹ́ẹ̀ gbogbo ti UK lápapọ̀ lé ní bílíọ̀nù mẹ́wàá. Kékeré ló jẹ́ lójú àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, torí ilé àti ṣọ́ọ̀bù wọn ní Regent Street nìkan fi ìlọ́po ìlọ́po jù ú lọ.

Mo mọ̀ pé ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọmọ Nàìjíríà ni pé epo ńkọ́. Epo rọ̀bì àti gáàsì inú òkun North Sea ò sí lára Crown Estate, òfin míì ló wà fún ìyẹn, ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ UK ló sì wà títí dòní. Àwa náà mọ irú ìjà yìí, ṣebí Supreme Court wa ló sọ ní April 2002 pé ààlà àwọn ìpínlẹ̀ etíkun wa parí síbi tí omi bá fà sẹ́yìn dé, kí wọ́n tó wá fi òfin 2004 tún un ṣe kí owó epo inú òkun tí kò jìn lè kàn wọ́n. Ti Skọ́tlándì ò dá lórí epo. Ohun tó dá lé lórí ni ẹja, èbúté, wáyà, páìpù, àti lẹ́yìn náà, afẹ́fẹ́.

Ẹja ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970 sí 1980 ni ọ̀sìn ẹja salmon gbilẹ̀ ní etíkun ìwọ̀ oòrùn àti ní erékùṣù Shetland, Orkney àti Western Isles. Ẹni tó bá fẹ́ so àgò ẹja ẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ òkun gbọ́dọ̀ gba lísì lọ́wọ́ Crown Estate kó sì máa san rẹ́ǹtì. Ẹni tó fẹ́ so ọkọ̀ ojú omi ẹ̀ mọ́lẹ̀ náà á san. Èbúté tó bá fẹ́ fẹ̀ síwájú díẹ̀ á san. Ní ọ̀pọ̀ etíkun, títí di 2007, Crown Estate yìí kan náà tó ń gba rẹ́ǹtì ló tún ń fọwọ́ sí i pé kí wọ́n da oko ẹja sílẹ̀ níbẹ̀ tàbí kí wọ́n má dá a, kí agbára yẹn tó bọ́ sọ́dọ̀ àwọn kánsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wọn. Owó tó ń wọlé ń lọ sí Treasury, ilé iṣẹ́ ìṣúnná ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù, kánsù tó la ọ̀nà tí ọkọ̀ ẹja ń gbà, tó tún èbúté ṣe, tó kọ́ ilé ìwé fún ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, kò rí nǹkan kan gbà nínú rẹ́ǹtì yẹn. Ìgbà tí ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin UK tó ń rí sí ọ̀rọ̀ Skọ́tlándì máa jókòó lé e lórí ní 2012, ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn ará etíkun ò yàtọ̀ síra wọn, pé láńlọ́ọ̀dù tí kì í gbé àdúgbò ni Crown Estate, pé kìkì ìgbà tó bá fẹ́ gbowó ni wọ́n ń rí i.

Ti Shetland àti Orkney tún le ju ìyẹn lọ, torí wọn ò gbà rárá pé Ọba ló ni ìsàlẹ̀ òkun wọn. Ìtàn tó wà nídìí ẹ̀ rèé. Ní 1468, Christian Kìíní tó jẹ́ ọba Denmark àti Norway fẹ́ fi ọmọ ẹ̀ obìnrin Margaret fún James Kẹta ọba Skọ́tlándì. Ní tiwọn, bàbá ìyàwó ló máa ń sanwó fún ọkọ. Owó ò sí lọ́wọ́ ẹ̀, ló bá fi Orkney dógò, ní 1469 ló tún fi Shetland kún un. Kò rí owó san, kò gba àwọn erékùṣù náà padà, bí wọ́n ṣe di ti Skọ́tlándì nìyẹn. Ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ tí wọ́n bá lọ́wọ́ àwọn ará Norway, tí wọ́n ń pè ní udal law, kò kú tán. Nínú òfin yẹn ẹni tó ni ilẹ̀ kì í ni ín lábẹ́ ọba, tiẹ̀ ni pátápátá, etíkun tó wà níwájú ilẹ̀ ẹ̀ náà tiẹ̀ ni títí dé ibi tí omi fà sẹ́yìn dé jù. Àwọn tó ń sin ẹja ní Shetland wá gbé e dé kóòtù, wọ́n ní tó bá jẹ́ udal law ló ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn, níbo ni Ọba ti rí ìsàlẹ̀ òkun tó ń gba rẹ́ǹtì lé lórí? Court of Session, kóòtù ńlá ti Skọ́tlándì, dá ẹjọ́ ọ̀hún ní 1990, wọ́n ní ti Ọba ni ìsàlẹ̀ òkun, ní Shetland náà, torí pé agbára adé lórí òkun ló fún un, kì í ṣe òfin ilẹ̀ ti ibikíbi. Wọ́n pàdánù ẹjọ́, wọ́n ń san rẹ́ǹtì lọ, inú ò sì rọ̀.

Tí mo bá ń ka ẹjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ Àpápá ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ìjọba gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ ní Àpápá, Olóyè Olúwa ìyẹn Amodu Tijani béèrè owó ẹ̀, wọ́n ní kì í ṣe òun ló ni ín, wọ́n ní láti ìgbà tí Dòsùnmú ti fọwọ́ sí ìwé ní 1861 ni Èkó ti di ti Ọba gẹ̀ẹ́sì. Ó gbé ẹjọ́ náà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay bá a lọ, nígbà tó di 1921 Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún àwọn ilẹ̀ tí gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso nígbà yẹn, dá a láre, ẹni tó sì ka ìdájọ́ yẹn, Viscount Haldane, ọmọ Edinburgh ni. Ohun tí wọ́n sọ ni pé Ọba gẹ̀ẹ́sì lè ní orúkọ lórí ilẹ̀ Èkó, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn ò pa ẹ̀tọ́ àwọn ẹbí tó ń lo ilẹ̀ rẹ́, tí wọ́n bá máa gbà á lọ́wọ́ wọn, owó onílẹ̀ ni kí wọ́n san, kì í ṣe owó àgbàtọ́jú. Ilẹ̀ gbígbẹ ni ti Àpápá, ìsàlẹ̀ òkun ni ti Shetland, mo mọ̀ pé òfin ò rí wọn bákan náà. Ṣùgbọ́n adé kan náà ni, ìbéèrè náà ò sì yàtọ̀: tí orúkọ ẹnì kan bá wà lókè, kí ló kù fún àwọn tó ń gbé ibẹ̀?

Nígbà tí kóòtù ò gbè wọ́n, ọ̀nà òṣèlú ló kù. Ní 2009 ìgbìmọ̀ Calman tó yẹ agbára ilé aṣòfin Skọ́tlándì wò dábàá ohun kékeré, pé kí kọmíṣọ́nà Crown Estate kan jẹ́ ẹni tó ń ṣojú Skọ́tlándì. Ìgbìmọ̀ 2012 tí mo mẹ́nu bà ṣáájú lọ jìnnà ju ìyẹn lọ, wọ́n ní kí wọ́n gba etíkun àti ìsàlẹ̀ òkun kúrò lọ́wọ́ Crown Estate, kó má sì dúró sí Edinburgh o, kó bọ́ sọ́dọ̀ àwọn ará àdúgbò. Ní June 2013 kánsù mẹ́ta, Orkney, Shetland àti Western Isles, dara pọ̀, wọ́n pe ìjà wọn ní Our Islands Our Future (Erékùṣù Wa, Ọjọ́ Ọ̀la Wa). Wọ́n mọ àsìkò. Ọdún tó ń bọ̀ ni Skọ́tlándì máa dìbò bóyá kó kúrò nínú UK, ẹni tó fẹ́ kó kúrò ń wá ìbò, ẹni tí ò fẹ́ kó kúrò náà ń wá ìbò, àwọn erékùṣù yìí lọ bá ẹgbẹ́ méjèèjì, wọ́n ní kí ni ẹ máa fún wa. Ìsàlẹ̀ òkun wà lára ohun tí wọ́n fi síwájú jù. Mo gba tiwọn gidi lórí ìyẹn, erékùṣù tí èèyàn inú ìkọ̀ọ̀kan wọn ò tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n, wọ́n sì mú kí ìjọba méjì máa wá bá wọn jókòó.

Ìbò náà wáyé ní September 18, 2014, 55 nínú ọgọ́rùn-ún ní àwọn ò kúrò. Àwọn olórí ẹgbẹ́ mẹ́ta ní Lọ́ńdọ̀nù ti ṣèlérí agbára tuntun kí ìbò tó dé, ni wọ́n bá gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ Lord Smith of Kelvin, ìwé tiwọn jáde ní November 27 ọdún yẹn. Ohun tó wà nínú ẹ̀ lórí Crown Estate ṣe kedere. Ìpele kìíní, kí àkóso àti owó Crown Estate ní Skọ́tlándì bọ́ sọ́dọ̀ ilé aṣòfin Skọ́tlándì. Ìpele kejì, lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n tún gbé àkóso náà sọ̀kalẹ̀ fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tó bá fẹ́ ẹ, ó dárúkọ Orkney, Shetland àti Western Isles. Ẹsẹ̀ méjì ni àdéhùn yẹn ní.

Scotland Act 2016 ló gbé ìpele kìíní ṣe, àríyànjiyàn púpọ̀ sì ṣẹlẹ̀ lórí ẹ̀. Ọ̀kan ni ti Fort Kinnaird, ibi ìtajà ńlá tó wà lẹ́bàá Edinburgh. Owó Crown Estate wà nínú ẹ̀, orí ilẹ̀ Skọ́tlándì ló wà, ṣùgbọ́n wọn ò gbé e kalẹ̀, wọ́n ní ilé iṣẹ́ àjọṣe tí wọ́n fi òfin England dá sílẹ̀ ló ni ín, Crown Estate nìkan kọ́ ló ni ín. Àwọn aṣòfin Skọ́tlándì bínú sí i, torí ó túmọ̀ sí pé Crown Estate ti Lọ́ńdọ̀nù ṣì lè máa ra nǹkan ní Skọ́tlándì lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Èkejì ni ọ̀rọ̀ owó Ọba. Láti 2011 ni òfin ti sọ pé kí wọ́n fi èrè Crown Estate wọn owó tí Ọba ń gbà lọ́dọọdún, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà yẹn. Ní June 2015 ariwo ta pé tí ti Skọ́tlándì bá kúrò, owó Ọbabìnrin máa dín, pé Skọ́tlándì ò ní dá sí i mọ́, Nicola Sturgeon tó jẹ́ olórí ìjọba Skọ́tlándì nígbà yẹn fúnra ẹ̀ ní láti jáde sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sì rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, èrè yẹn ìwọ̀n lásán ni wọ́n fi ń ṣe, inú àpò gbogbogbò Treasury ni owó Ọba ti ń jáde. Ní 2017 wọ́n gbé e lọ sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún torí àtúnṣe Buckingham Palace, nígbà tí owó afẹ́fẹ́ wá pọ̀ jù ní England àti Wales wọ́n já a wá sí 12 láti 2024.

Bí mo ṣe sọ, April 1, 2017 ni àkóso dé Edinburgh. Ilé iṣẹ́ tuntun tó gbà á ni Crown Estate Scotland, orúkọ tó kọ́kọ́ ń jẹ́ ní "Interim" lára, torí ìjọba Skọ́tlándì sọ pé fún ìgbà díẹ̀ ni, kí wọ́n fi rí àyè ṣe òfin tiwọn. Òfin yẹn dé ní 2019, Scottish Crown Estate Act, èmi ka ohun méjì nínú ẹ̀ sí pàtàkì. Àkọ́kọ́, ó tú okùn ọdún 1961 yẹn: alákòóso lè gba owó tó kéré sí iye ọjà tó bá jẹ́ pé ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe máa ṣe ìdàgbàsókè ọrọ̀ ajé, tàbí ìgbáyégbádùn àwọn ará àdúgbò, tàbí àyíká. Ẹgbẹ́ àdúgbò tó fẹ́ tún èbúté àtijọ́ ṣe ò ní láti bá ilé iṣẹ́ ńlá dupò lórí iye kan náà mọ́. Èkejì, ó fún minister lágbára láti gba àkóso apá kan lọ́wọ́ Crown Estate Scotland kó gbé e fún ìjọba ìbílẹ̀, àjọ èbúté, tàbí ẹgbẹ́ àdúgbò.

Owó náà bẹ̀rẹ̀ sí í dé etíkun. Ní 2019 wọ́n pín mílíọ̀nù 7.2 pọ́n-ùn fún kánsù etíkun 26, èyí tí ìsàlẹ̀ òkun tó yí i ká bá pọ̀ ló gbà jù, torí ẹ̀ Highland, Argyll and Bute àti àwọn erékùṣù ló rí gidi gbà. Láti ìgbà yẹn wọ́n ń pín in lọ́dọọdún. Fún kánsù kékeré owó yẹn kì í ṣe owó yẹpẹrẹ, ó tún ibi ìdúró ọkọ̀ ṣe, ó tún ọ̀nà tó lọ sí etíkun ṣe, kó tó di 2017 kò sí irú ẹ̀ tó ń tọ̀ wọ́n lọ́wọ́ tààrà báyìí.

Lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ wá yí ìwọ̀n gbogbo nǹkan padà. ScotWind ni wọ́n pe ètò tí Crown Estate Scotland fi pín ìsàlẹ̀ òkun fún àwọn tó fẹ́ gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kalẹ̀, èyí sì ni ìgbà àkọ́kọ́ tí Edinburgh máa tajà ńlá lórí ilẹ̀ yìí fúnra wọn. Wọ́n ti kọ́kọ́ fi òdiwọ̀n sí i pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ san ju 10,000 pọ́n-ùn lọ lórí kìlómítà kan níbùú lóòró. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2021 ni Crown Estate ti Lọ́ńdọ̀nù ta tiwọn ní England àti Wales, wọn ò fi òdiwọ̀n sí i, wọ́n jẹ́ kí àwọn ilé iṣẹ́ máa dupò, iṣẹ́ mẹ́fà, nǹkan bí gígáwáàtì mẹ́jọ (ìwọ̀n agbára iná), owó tó jáde jẹ́ mílíọ̀nù 879 pọ́n-ùn lọ́dún kan, wọ́n á sì máa san án lọ́dọọdún títí tí wọ́n á fi múra tán láti kọ́lé sínú òkun. Edinburgh dá ọjà tiwọn dúró lójú ẹsẹ̀, wọ́n tún un wò, wọ́n gbé òdiwọ̀n náà lọ sí 100,000, ìlọ́po mẹ́wàá.

Ní January 2022 èsì jáde. Ìwé ìbéèrè 74 ló dé, iṣẹ́ 17 ló wọlé, àyè tí wọ́n gbà lé ní 7,000 kìlómítà níbùú lóòró, agbára iná tó máa wà ńbẹ̀ sún mọ́ gígáwáàtì 25, owó tí wọ́n san sún mọ́ mílíọ̀nù 700 pọ́n-ùn. Nígbà tó di August wọ́n fi mẹ́ta kún un ní ìlà oòrùn Shetland, ó wá di iṣẹ́ 20, gbogbo owó di nǹkan bí mílíọ̀nù 755. Ẹ rántí pé ilẹ̀ yìí kan náà ni gbogbo iye ẹ̀ fi díẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 250 nígbà tí wọ́n gbà á.

Ṣé wọ́n tà á pọ́ọ́kú? Ọ̀pọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n fi mílíọ̀nù 879 lọ́dọọdún wé mílíọ̀nù 755 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, iná ti Skọ́tlándì sì lé ní ìlọ́po mẹ́ta. Èmi ò rò pé ìṣirò yẹn pé. Òkun Skọ́tlándì jìn gan-an, púpọ̀ nínú ẹ̀rọ yẹn ni wọ́n máa jẹ́ kó léfòó lórí omi torí ẹsẹ̀ ò lè kanlẹ̀, owó gọbọi ló máa ná wọn kí iná kankan tó jáde, owó tí ilé iṣẹ́ bá san jù nídìí ìwé, orí owó iná aráàlú ló máa padà sí. Wọ́n tún fi kún un pé kí ilé iṣẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ iye iṣẹ́ tí wọ́n máa fún àwọn ará Skọ́tlándì ṣe, tí wọ́n bá sì kùnà, ó ní ohun tó máa tìdí ẹ̀ yọ. Tí iná bá wá bẹ̀rẹ̀, rẹ́ǹtì gidi ṣì ń bọ̀. Gbogbo ìyẹn dáa. Ibi tí mo ti rí àléébù ni pé wọ́n gba owó ìpamọ́ àyè náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ilé iṣẹ́ kan lè di àyè yẹn mú fún ọdún mẹ́wàá lórí owó tó san lọ́jọ́ kan, wọn ò fi nǹkan kan ti í lẹ́yìn kó yá. Tí wọ́n bá ti gba ìwọ̀nba díẹ̀ lọ́dọọdún, òdiwọ̀n yẹn ì bá ṣì wà níbẹ̀, ẹni tí ò ní ṣiṣẹ́ ì bá sì tètè dá àyè padà.

Ohun tí wọ́n fi owó náà ṣe ló tún dùn mí jù. Owó tí èèyàn rí lórí ilẹ̀ tí kò ní lè tà mọ́ fún ìran kan, ohun tó máa pẹ́ nílẹ̀ ló yẹ kó wọnú ẹ̀. Nígbà tó di September 2024 tí owó ò tó ìjọba Skọ́tlándì mọ́, wọ́n kéde pé àwọn lè mú tó mílíọ̀nù 460 nínú owó ScotWind fi dí ihò bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún yẹn, owó oṣù òṣìṣẹ́ wà lára ohun tó ṣí ihò ọ̀hún. Ní December tí bọ́jẹ́ẹ̀tì tuntun jáde owó ti wọlé láti Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sọ pé àwọn ò ní nílò púpọ̀ nínú ẹ̀ mọ́, ó kù fún ọdún tó ń bọ̀. Inú mi dùn pé ó kù, ṣùgbọ́n ohun tó yọ ọ́ ni pé owó míì dé, kò sí òfin kankan tó dáàbò bò ó. Norway tó wà lódì kejì òkun yẹn kó owó epo ẹ̀ sínú àpò tí òfin ń ṣọ́, Shetland fúnra ẹ̀ náà ti fi owó tó rí lórí èbúté epo Sullom Voe dá àpò tiẹ̀ sílẹ̀ láti àwọn ọdún 1970, àwọn tí wọ́n lè kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn ò jìnnà rárá.

Wales ń wo gbogbo èyí. Crown Estate tiwọn ṣì wà lábẹ́ Lọ́ńdọ̀nù, ìjọba Wales béèrè fún un, àwọn kánsù wọn ti dìbò lé e lórí lọ́kọ̀ọ̀kan pé àwọn fẹ́ ẹ, afẹ́fẹ́ Celtic Sea, òkun tó wà ní gúúsù Wales, sì ti ń di owó báyìí. Nígbà tí wọ́n ń ṣe Crown Estate Act 2025, àwọn aṣòfin Wales gbìyànjú kí wọ́n fi ti Wales sí i, kò wọlé, kọmíṣọ́nà kan tó máa máa gbani nímọ̀ràn lórí Wales ni wọ́n rí gbà. Ẹ wò ó, ohun tí ìgbìmọ̀ Calman dábàá fún Skọ́tlándì ní 2009 gan-an nìyẹn.

Ó ku ìpele kejì ti Smith. Ìjọba Skọ́tlándì ò sọ pé àwọn ò ní ṣe é, ètò ìdánwò ni wọ́n gbé kalẹ̀: Crown Estate Scotland pe àwọn ará àdúgbò kí wọ́n mú àbá wá, wọ́n mú Orkney, Shetland, Western Isles pẹ̀lú ẹgbẹ́ tó ni ilẹ̀ Galson ní erékùṣù Lewis, àti ẹgbẹ́ àdúgbò èbúté Portgordon. Àbá náà dá lórí kí àdúgbò lóhùn nínú ìpinnu, lórí bí wọ́n ṣe máa lo ìsàlẹ̀ òkun tó wà níwájú wọn. Ó dáa, ṣùgbọ́n ohùn nínú ìpinnu ọ̀tọ̀, àkóso ọ̀tọ̀. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, Crown Estate Scotland ló ṣì di èyí tó pọ̀ jù mú, owó ScotWind sì lọ tààrà sápò ìjọba ní Edinburgh, torí ìpín àwọn kánsù kò kọjá máìlì 12, bẹ́ẹ̀ ibi tí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ yẹn máa wà kọjá ìyẹn.

Mo mọ ohun tí Edinburgh máa ń sọ. Tí wọ́n bá gbé e fún kánsù kékeré, èbúté tó ti bàjẹ́ àti ẹjọ́ tó bá wà lórí ẹ̀ náà ń tẹ̀ lé e, kánsù yẹn ò ní surveyor, kò ní lọ́yà tó mọ òfin òkun, oko tí ò mówó wọlé ń jẹun lára rẹ́ǹtì ẹja tó ń mówó wọlé, tí wọ́n bá yọ ẹja kúrò kí ló máa gbé oko dúró. Òótọ́ wà ńbẹ̀. Èmi náà ò sọ pé kí Orkney máa bá BP àti Shell dúnàá-dúrà lórí òkun tó jìn tó 50 máìlì. Ṣùgbọ́n ibi tí àwọn ẹlẹ́ja ń so ọkọ̀ mọ́, etíkun tí àwọn ọmọ ń ṣeré lé, lísì oko ẹja tó wà nínú odò tóóró tó wọ inú ìlú, kò sí ìdí tí wọ́n á fi máa kọ̀wé sí Edinburgh lórí ìyẹn. Shetland àti Orkney ti ń fún àwọn èèyàn ní láìsẹ́ńsì iṣẹ́ nínú òkun wọn látìgbà òfin tiwọn ti 1974, wọ́n ti ń ṣe é kí àwọn tó ń dá wọn dúró báyìí tó ní ilé aṣòfin. Òfin 2019 ti wà nílẹ̀, agbára gbígbé àkóso kalẹ̀ wà nínú ẹ̀, kò nílò kí Lọ́ńdọ̀nù tún fọwọ́ sí nǹkan kan mọ́, kánsù tó fẹ́ ẹ máa kọ̀wé béèrè, minister á gbé àṣẹ síwájú ilé aṣòfin Edinburgh.